Èéfín Ìràwọ̀ àti Oṣù Tí N Kò Rí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní aago méje ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ó dá mi lójú nítorí pé àkókò náà ṣì wà lójú fóònù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìyá mi. Mo wà lórí dẹ́kì ilé tí mo háyà yàrá sí ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè, lẹ́yìn táńkì omi, mo ń dúró kí ilẹ̀ ṣú tán kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Awò awọ̀nàjíjìn mi ti kọjú sókè, síbi tí ìràwọ̀ mẹ́ta máa ń tò tẹ̀léra wọn bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà.

"Ṣé ilé lo wà?" Ìyá mi kò kí mi.

"Mo wà lókè, Màámi. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Wọ́n ti ń pe èèyàn jọ sí mọ́ṣáláṣí. Bàbá rẹ ti jẹ́rìí. Ó ní o rí oṣù."

"Oṣù wo?"

"Oṣù ààwẹ̀. Ṣebí òní ni ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó ní o rí i láti Èkó."

N kò rí oṣù kankan. N kò tilẹ̀ tíì yí ojú sí ìwọ̀ oòrùn láti ìgbà tí mo ti gun òkè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí oṣù náà bá wà lójú ọ̀run, kò ní pẹ́ wọ̀ mọ́; àti pé nílùú wa, wọ́n ti ń múra àtijí sáàrì nítorí ohun tí wọ́n ní ojú mi rí.

*

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ní Kétu tó wà ní ilẹ̀ Benin, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe àáfà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òun ni Lèmọ́mù àdúgbò wa máa ń rán lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé wa láti wo oṣù. Rédíò lè kéde ohun tó bá wù ú. Lèmọ́mù wa kì í gbà á títí ẹlẹ́rìí méjì láti ọ̀dọ̀ tiwa yóò fi dúró níwájú rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ pé ojú òun ni òun fi rí i. Bàbá mi ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé ojú rẹ̀ mú, àti nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rántí ọjọ́ tó sọ ohun tí kò rí.

Mo wà ní kékeré nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lọ. Àwọn kan kùn pé kí ni ọmọbìnrin ń wá níbẹ̀. Ó ní ojú ni òun mú dání, òun kò mú ọmọbìnrin. A ó dúró lórí òkìtì ilẹ̀ kan, a ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, a kò ní sọ̀rọ̀. Bó bá ti rí oṣù, kì í na ìka sí i. Yóò dúró dè mí.

"Bí mo bá na ìka," ó wí, "ìka mi lo máa rí. O ó wá ní oṣù lo rí."

Nígbà ọyẹ́, bí oúnjẹ alẹ́ bá tán, a tún máa ń jókòó síta. Lábẹ́ ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn, ohun kan wà tí kò mọ́ kedere bí ìràwọ̀. Ó rí bí èémí lára dígí. Mo bi í léèrè.

"Èéfín ni. Àwọn kan ń dáná níbẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń sè?"

"Bí a bá débẹ̀, a óò mọ̀."

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti wá mọ̀ pé irọ́ bàbá mi kò jìnnà sí òótọ́. Ìkùukùu ni, ti afẹ́fẹ́ àti eruku, tí àwọn ìràwọ̀ tuntun ń tàn nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí ó tó kàn wá lójú. Èmi kò wọ̀n ọ́n. Àwọn tó wọ̀n ọ́n ni mo gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ ní Èkó, bàbá mi gbé àpò mi dé etí títì. Ó ní, "Ta ló máa wá bá mi wò ó báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì wọ ọkọ̀. Ó ti pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè ni.

*

Onílé mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Délé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó ń ta páìpù àti ẹ̀rọ omi ní Ìjọ́ra. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá wo yàrá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi bébà fẹ́ ara rẹ̀.

"Níbo lo ti wá?"

"Kétu, Mà."

"Kétu tòkè yìí? Ṣebí ìtòsí Ọjọ́ta ni. Kí lo wá ń wá yàrá kiri Sùúrùlérè fún?"

"Kétu ilẹ̀ Faransé, Mà."

"Ẹn-ẹ́n. Ọmọ Àgànyìn."

"Yorùbá ni mí, Mà."

"Ta ló ní o kì í ṣe Yorùbá? Àgànyìn tó gbọ́ Yorùbá ni ọ́. Wá wo yàrá, jàre, oòrùn ń mú."

N kò jà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí mo ṣe ń gbé gbogbo nǹkan yẹ̀ wò. Wọ́n kọ́ wa nílé pé orísun kan náà ni ìlú wa àti àwọn ìlú ńlá Yorùbá tó kù ti ṣẹ̀. Síbẹ̀, ní Èkó, bí mo bá sọ gbólóhùn mẹ́ta, ẹnì kan á béèrè ibi tí mo ti kọ́ Yorùbá. Bí mo bá sì lọ sílé fún ọdún, àwọn ọmọ àdúgbò á máa pè mí ní ará Èkó. Ilé méjì ló ń sọ fún mi pé ilé kejì ni mo ti wá.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ní oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe ariwo. Ojú ọ̀run ni. Mo jáde ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo gbójú sókè, àwọ̀ epo pupa tí wọ́n bu omi sí ni mo bá níbẹ̀. Iná títì, iná ṣọ́ọ̀ṣì, èéfín jẹnẹrétọ̀. Ìràwọ̀ tí mo rí kò pọ̀ rárá, ọ̀kan nínú wọn sì ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú.

Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìtajà. Iṣẹ́ mi ni pé kí n wá àṣìṣe nínú ohun tí àwọn yòókù ti ní ó ti tọ̀nà. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n tètè lọ́rẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Faransé ni mo fi ń ka iye lábẹ́nu, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di àṣà pé bí ìṣirò bá dé, ẹnì kan á ní, "Ẹ jẹ́ kí Madamu Kútọnu kà á." Kì í ṣe ìkà. Mo sì máa ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wá délé, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láì bọ́ bàtà.

Ọjọ́ Àìkú ni bàbá mi máa ń pè. Ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè.

"Ìyá mi, kí lo rí níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí, nítorí pé èmi ni wọ́n fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ.

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá. Iná ti pọ̀ jù."

"Iná pọ̀, ẹ ò sì ríran?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìlú yín le o."

*

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló ni awò náà. Ó fẹ́ já pa lọ sí òkè òkun, ó sì ń ta gbogbo ẹrù ilé rẹ̀. Wọ́n ti ra fíríìjì àti àga, awò nìkan ló kù, pẹ̀lú ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ àti kámẹ́rà tó so mọ́ ọn.

"Ta ló máa ra èyí ní Èkó?" ó bi ara rẹ̀.

"Èmi ni."

Ó wò mí bíi pé àga ló sọ̀rọ̀. Kí ó tó lọ, ó kọ́ mi ní ohun tó mọ̀. Ó ní ojú ọ̀run Èkó kò burú tó bí mo ṣe rò, pé gíláàsì pupa kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́nu kámẹ́rà, tó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ títì dúró, tó sì máa ń jẹ́ kí ti ìkùukùu ìràwọ̀ kọjá.

Ìyá Délé pàdé mi lórí àtẹ̀gùn bí mo ṣe ń gbé e gòkè.

"Kí nìyẹn? Kì í ṣe ìbọn?"

"Awò ni, Mà. Mo fẹ́ máa fi wo ìràwọ̀."

"Ìràwọ̀ ta?"

"Ti ojú ọ̀run, Mà."

"Mo mọ̀ pé ojú ọ̀run ló wà. Ta ló ni ín ni mò ń bi ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá ń wo ìràwọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, à ń dá ààwẹ̀ lé e lórí ni."

"Kò sí ẹni tó ni ín, Mà. Àwòrán lásán ni mo fẹ́ yà."

Ó ronú sí i. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n má kọjú rẹ̀ sí ti Délé. Ó ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́."

Ilé ayé ń yí, ìràwọ̀ sì máa ń sá kúrò níwájú awò. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń yí awò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é bí ìdúró náà kò bá kọjú sí àríwá gẹ́lẹ́. Ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń mọ àríwá sì wà nílẹ̀ gan-an ní ilẹ̀ wa. Ògiri ilé kejì bò ó. Nítorí náà, ṣe ni mo ń dán an wò: kí n yí i díẹ̀, kí n wò ó bóyá ìràwọ̀ ṣì ń sá, kí n tún yí i. Ó gba ìrọ̀lẹ́ púpọ̀. Bí ó bá ti tọ́ tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Kámẹ́rà náà kì í ya ẹyọ kan. Ó máa ń ya ohun kan náà ní àìmọye ìgbà, kọ̀ǹpútà á sì tò wọ́n léra wọn. Ohun tó bá fara hàn nínú gbogbo wọn, ó wà níbẹ̀. Ohun tó fara hàn nínú ẹyọ kan péré, àṣìṣe ni, kọ̀ǹpútà á pa á rẹ́. Inú mi dùn nígbà tí òye rẹ̀ yé mi. Ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù wa ni: ẹ̀rí kan kò tó.

Ìrọ̀lẹ́ tí àwòrán àkọ́kọ́ jáde, mo pariwo lórí dẹ́kì. Èéfín bàbá mi ni. Ó pupa bí òdòdó, etí rẹ̀ ṣí bí ìyẹ́ ẹyẹ, ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Láti Àgùdà. Mo fi han Ìyá Délé.

"Ta ló kùn ún?"

"Kámẹ́rà ló yà á, Mà."

"Ìwọ náà rí i báyìí?"

"Rárá, Mà. Ojú kò lè rí i pupa."

"Háà. Nígbà náà, báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá mi. Kò pẹ́ tó fi pè. Ohùn rẹ̀ kún fún ayọ̀.

"Mo rí i, Ìyá mi. Oṣù yẹn mà yọ dáadáa o."

Kò sí oṣù nínú àwòrán náà.

*

Ìyá mi ló tú àṣírí náà síta nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ nínú. Dókítà kan ti wo ojú bàbá mi: nǹkan funfun ti bo ẹyinjú méjèèjì, iṣẹ́ abẹ ló sì lè mú un kúrò. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Lèmọ́mù ránṣẹ́ sí i, ó ní ibà ń ṣe òun. Mo ní kó máa bọ̀ ní Èkó kí wọ́n ṣe ojú náà. Ó ní ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀.

"Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n la ojú mi," ó wí, "ta ló tún máa gba ẹ̀rí mi?"

Láti ọjọ́ náà, n kò lè fi ojú sẹ́nu awò kí ọkàn mi má gún mi. Gíláàsì wà lọ́wọ́ mi tó ń kó ìmọ́lẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún jọ, bàbá mi kò sì mọ èéfín yàtọ̀ sí oṣù. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe èmi ni mo ba ojú rẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni. Mo tún sọ pé bí mo bá wà nílé, n bá ti mọ̀ tipẹ́. Òótọ́ nìyẹn náà. Èkejì ló ń wúwo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó pè mí níbi iṣẹ́. Ó béèrè bóyá oṣù máa lé. Mo ti ṣírò rẹ̀. Mo sọ ibi tó máa wà, lókè díẹ̀ síbi tí oòrùn máa ti wọ̀, mo sì sọ bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó wọ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Iṣẹ́ wà níwájú mi, ọkàn mi sì ti wà lórí dẹ́kì. Ojú ọ̀run mọ́ lọ́jọ́ náà ju ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú lọ.

"Ó dá mi lójú, Bàbá," ni mo wí.

Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo sọ. Ìyá mi ló sọ ìyókù fún mi lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ náà: pé Táílọ̀ àdúgbò wa ti wá ní òun rí oṣù tín-ín-rín bí òwú, pé Lèmọ́mù ní ó ku ẹnì kan, pé gbogbo ojú yí sí bàbá mi. Ó ti dúró ní pápá láti ìgbà tí oòrùn ti ń wọ̀, kò sì rí nǹkan kan. Ó ní, "Ọmọ mi rí i láti Èkó. Ó ní ó dá òun lójú. Ẹ mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í yẹ̀."

Ó fi ẹnu mi búra nítorí pé òun ló kọ́ ẹnu náà.

*

Mo lọ sí etí dẹ́kì, mo wo ìwọ̀ oòrùn. Òkè orí mọ́, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ dì níbẹ̀. Ojú lásán kò lè là á kọjá, ṣùgbọ́n awò lè ṣe é. Awò sì wà lẹ́yìn táńkì, ìdúró rẹ̀ kọjú sí àríwá gẹ́lẹ́ lẹ́yìn gbogbo làálàá mi, èéfín náà wà lókè orí mi gan-an. Bí mo bá gbé e, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, òjò sì máa tó bẹ̀rẹ̀.

Mo dúró. N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé mo dúró.

Ìyá Délé ló gòkè wá wo omi táńkì rẹ̀. "Kí lo ń ṣe bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀?"

"Mo fẹ́ wo oṣù, Mà. Bàbá mi ti sọ fún Lèmọ́mù pé mo rí i."

"O rí i?"

"Rárá."

Ó wá di ẹsẹ̀ kan mú lára ìdúró náà, a sì gbé e. Mo wá ibi tí ìṣirò mi sọ, mo wá apá ọ̀tún, mo wá apá òsì. Eruku pupa ni. Mo nu gíláàsì, mo tún wò ó.

"Kì í ha ṣe èyí?" Ìyá Délé nàka.

"Iná òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Mà."

"Bí a bá pè é ní oṣù ńkọ́? Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi, Mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Pè é, nígbà náà. Má jẹ́ kó pẹ́ jù."

Mo pe bàbá mi. Mo ń gbọ́ ohùn èèyàn púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, mi ò rí i."

"O ò rí i, àbí kò sí níbẹ̀?"

"Mi ò rí i. Ìṣirò ní ó wà níbẹ̀. Èmi ò rí i."

Ohùn àwọn èèyàn ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ó dára," ó wí. "O ṣeun."

Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ládáànì. Ìyá mi ní kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọmọ mi kò rí i. Èmi náà kò rí i. Ojú mi kò rí oṣù mọ́. Ẹ má fi ẹ̀rí mi ṣe é." Ó wá jókòó sórí ìlà ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó sí.

Kò tó wákàtí kan tí àwọn darandaran méjì fi dé láti abúlé, wọ́n ní àwọn rí oṣù kó tó wọ̀. Ìlú kò pàdánù ààwẹ̀ ọjọ́ kan. Bàbá mi nìkan ló pàdánù. Oṣù náà wà níbẹ̀. Bí mo bá ti parọ́ ni, irọ́ mi ì bá bọ́ sí òótọ́, bàbá mi ì bá sì wà ní ìlà iwájú. Mo ti gbé èyí yẹ̀ wò láti ọ̀nà gbogbo tí mo mọ̀. N kò rí ibi tí mo ti lè yàn láti parọ́. N kò sì rí ibi tí ara ti lè tù mí.

*

Bàbá mi wá sí Àgùdà ní ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀. Kò sí ohun tó tún ń dá a dúró nílé. Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì, mo sùn sórí ẹní.

"Bàbá Kétu, ẹ káàbọ̀," ni Ìyá Délé kí i. "Ọmọ yín yìí, ìràwọ̀ ló ń ṣọ́ kiri."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ kò ní ráyè ṣọ́ ilé onílé."

Ìyá Délé wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa ní àsìkò ìṣínu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ náà, mo mú un gòkè. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni. Mo yọ kámẹ́rà kúrò, mo fi gíláàsì tí ojú ń wò sí i, mo kọjú awò sábẹ́ ìràwọ̀ mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú tuntun náà sí i.

"Mi ò rí nǹkan kan." Lẹ́yìn náà, "Dúró." Ó sún ojú mọ́ gíláàsì. "Èéfín."

"Òun ni, Bàbá."

"Àwọn wọ̀nyí ò tíì sè é jinná láti ìgbà yẹn?"

Mo fi àwòrán pupa náà hàn án lójú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó, ó wo ojú ọ̀run, ó tún wò ó. "Èyí lo fi ránṣẹ́ sí mi tí mo ní oṣù ni?" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. "Èwo ni ojú rẹ rí?"

"Funfun, bíi tiyín. Kámẹ́rà ló rí pupa."

"Dígí kò burú. Kí ojú sá ti wà lẹ́yìn rẹ̀."

Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. "Bàbá, èmi ni mo mú yín dé ìlà ẹ̀yìn."

"Báwo? O ní o ò rí i. O ò sì rí i."

"Mo ti kọ́kọ́ ní ó dá mi lójú."

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fún un ní ọsibítù. "Ìyẹn lo jẹ̀bi rẹ̀," ó wí, bí ẹni tó ń sọ pé omi ti hó. "Èmi náà jẹ̀bi tèmi. N kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀." A jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, eruku ti kúrò lójú ọ̀run. Àwọsánmà wà níbì kan, kò sí níbì kan. Mo ti ṣírò ibi tí oṣù yẹ kó wà: lókè orí òpó ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì títì, sí apá ọ̀tún díẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ọ̀rá bo awò náà, nítorí pé bàbá mi ní òun kò fẹ́ dígí lónìí.

A ṣínu pẹ̀lú omi àti dàbínù ní òòró. Ìyá Délé jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, kò sọ̀rọ̀, èyí tí mi ò rí i kó ṣe rí. A kọjú sí ìwọ̀ oòrùn bí a ṣe máa ń ṣe ní pápá. Mo wò ó títí omi fi dà lójú mi. Ojú tí kọ̀ǹpútà ti lò fún ọdún mélòó kan ni tèmi.

"Mo rí i," ni bàbá mi wí.

Mo tún wò ó. Àwọsánmà ni mo rí.

"Bàbá, ẹ na ìka sí i."

Ó yí ojú sí mi. Ó mọ òfin tó kọ́ mi. Lẹ́yìn náà, ìdí tí mo fi béèrè yé e, ó sì na ìka.

Ó pe Lèmọ́mù fúnra rẹ̀. Ó gbé ohùn fóònù sókè kí n lè gbọ́.

"Táílọ̀ ti rí i, Ẹ̀gbọ́n," ni Lèmọ́mù wí. "Ẹ̀rí kan ló kù. Ṣùgbọ́n ojú yín... ẹ má bínú o. Àwọn èèyàn máa béèrè. Ẹ gbé e fún ọmọ yín." Mo gba fóònù. "Ṣé ìwọ náà rí i?"

Bàbá mi ń wo ìwọ̀ oòrùn. Kò wò mí.

"Mi ò rí i, Bàbá Lèmọ́mù."

"Kí wá ni ìwọ rí?"

Mo rò ó dáadáa kí n tó ya ẹnu.

"Mi ò sọ ibi tí oṣù máa wà fún bàbá mi. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n na ìka, wọ́n sì nà án síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìka náà ni mo rí. Kò gbọ̀n."